Inú Bàálù Àfọwọ́ṣe: Ṣé Ká Kùn Ún Kí Ìpáàrà Má Baà Jẹ Ẹ́, Àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Láàárín àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan bàálù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan wà tó máa ń yára di àríyànjiyàn ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ìbéèrè ọ̀dà ni. Kì í ṣe ọ̀dà ìta tí gbogbo ayé ń rí o, ti inú ni: inú ìyẹ́, inú ìrù, abẹ́ ìjókòó, gbogbo ibi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fi ríbẹ́ẹ̀tì kan páànù pa dé, ojú kò ní tó o mọ́ àyàfi kí wọ́n tú u. Ṣé kí èèyàn kun ibẹ̀ kí ìpáàrà má baà jẹ ẹ́, àbí kí ó fi páànù sílẹ̀ bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá? Ìpinnu náà gbọ́dọ̀ wáyé kí ríbẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó wọlé, nígbà tí ẹni tó ń kan bàálù kò tíì mọ nǹkan púpọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Ó lè tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ó tó mọ̀ bóyá ìpinnu òun dára.

Mo fẹ́ ká fi ìbéèrè yìí kọ́ra nítorí pé ó kó ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní kíláàsì pọ̀ sójú kan: àdàpọ̀ mẹ́tàlì, ìpáàrà, ọ̀dà, ìwọ̀n àti owó. Èrò tèmi, tí màá fi ìyókù àròkọ yìí gbè lẹ́yìn, ni pé a kì í dáhùn rẹ̀ fún bàálù kan lódindi. Ojú páànù kọ̀ọ̀kan la ń dáhùn rẹ̀ fún, lẹ́yìn tí a bá ti bèèrè irú mẹ́tàlì tó jẹ́, ohun tó fara kàn án, àti ibi tí bàálù náà máa gbé.

Ọ̀rọ̀ kan ká tó wọlé. Lẹ́nu wa, irin ló ń dógùn-ún. A kì í sọ pé alumíníọ́mù dógùn-ún, nítorí kì í pupa. Ìpáàrà ni mo máa pe gbogbo rẹ̀ níbí, ìyẹn ohunkóhun tó bá ń jẹ mẹ́tàlì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di eruku. Ti alumíníọ́mù funfun ni, bí ẹ̀lúbọ́ tó dà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rí i tí wọ́n sì rò pé ìdọ̀tí lásán ni.

Òfin àjọ FAA, ní apá 21.191(g), gba èèyàn láyè láti kan bàálù tirẹ̀ tó bá jẹ́ pé nítorí ẹ̀kọ́ tàbí ìgbádùn ara rẹ̀ ló ṣe ń ṣe é, tó sì jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tàbí gbádùn rẹ̀ yìí ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ EAA tí Paul Poberezny dá sílẹ̀ ní Wisconsin lọ́dún 1953 ni ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà bàálù tí èèyàn á tò pọ̀ fúnra rẹ̀, Van's Aircraft ní Oregon ló gbajúmọ̀ jù. Bàálù RV wọn tó ti fò ti lé ní 10,000. Páànù alumíníọ́mù àti ríbẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀, wọ́n á kó o wá sínú àpótí onígi, èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú gáréèjì ilé rẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Air Beetle tí wọ́n kàn ní Kaduna fún Ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ ogun fi kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù, orí RV-6A ni wọ́n gbé e kà. Irú páànù kan náà ti rí ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa àti òjò wa.

Mẹ́tàlì tí ọ̀rọ̀ kàn

Páànù tí wọ́n fi ń bo ara RV ni èyí tí a ń pè ní 2024-T3. Alumíníọ́mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbà wà níbẹ̀, nǹkan bí ìdá 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú magnesium tó tó ìdá 1.5 àti manganese díẹ̀. Ògidì alumíníọ́mù rọ̀ púpọ̀, ẹ wo bébà alumíníọ́mù tí wọ́n fi ń wé ẹja sísun, ọwọ́ lásán la fi ń ká a. Alfred Wilm ló ṣàwárí ní Jámánì, lọ́dún 1906, pé bí a bá fi bàbà àti magnesium díẹ̀ sí alumíníọ́mù, tí a mú un gbóná, tí a sì mú un tutù kíákíá, kì í le lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń le sí i fúnra rẹ̀ bó ṣe wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọjá kíláàsì heat treatment mọ ìdí rẹ̀: àwọn ẹyọ kéékèèké tí bàbà àti alumíníọ́mù dá sínú mẹ́tàlì náà kì í jẹ́ kí ìlà àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ̀ lórí ara wọn.

Bàbà yìí kan náà ni ọ̀tá ilé. Níbi tí bàbà bá ti pọ̀ sí nínú mẹ́tàlì náà, ibẹ̀ á di cathode. Alumíníọ́mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á di anode. Bí omi tó ní iyọ̀ bá ti bà lé e, bátìrì kékeré ti délẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ń jẹun nínú rẹ̀. Ó lè gba ààlà tó wà láàárín àwọn hóró mẹ́tàlì wọlé, tí yóò máa lọ lábẹ́ láìjẹ́ pé ojú páànù fi hàn. Ìdí nìyí tí 2024 tó wà níhòòhò fi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn alumíníọ́mù tí ìpáàrà máa ń tètè bá jà.

Ògidì alumíníọ́mù kò níṣòro yìí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju nanometre mélòó kan lọ á bò ó, awọ náà kì í sì í tú níwọ̀n ìgbà tí pH ohun tó kàn án bá wà láàárín 4 sí 8.5, tí iyọ̀ kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ Alcoa ṣe láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni pé wọ́n fi ògidì alumíníọ́mù bo irú àdàpọ̀ alumíníọ́mù oníbàbà bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì bí ìgbà tí búrẹ́dì bá wà lókè àti nísàlẹ̀ ẹyin, wọ́n sì yí gbogbo rẹ̀ pọ̀ di páànù kan. Alclad ni wọ́n pè é. Bàálù ńlá onígáàsì tí wọ́n ń pè ní ZMC-2, tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbà lọ́dún 1929, Alclad ni wọ́n fi ṣe awọ rẹ̀.

Fún àwọn páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lára RV, ìbòrí yìí tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nínípọn páànù lójú kọ̀ọ̀kan. Páànù tó nípọn tó 0.8 mm nígbà náà ní ìbòrí 40 micron; èyí tó jẹ́ 0.5 mm ní 25 micron péré. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, a ó padà dé orí rẹ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀ sáńpépà.

Iṣẹ́ méjì ni ìbòrí náà ń ṣe. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ omi, èyí yé gbogbo èèyàn. Ìkejì ni pé tí nǹkan bá ha páànù tó fi dé 2024 tó wà nísàlẹ̀, ìbòrí tó yí ojú ihà náà ká á di anode, á máa fi ara rẹ̀ tọrẹ kí 2024 má baà jẹ. Bí síǹkì ṣe ń ṣe fún páànù òrùlé ilé wa gan-an ni: níbi tí kápẹ́ńtà bá gé e, irin hàn síta, síbẹ̀ kì í dógùn-ún lójú ẹsẹ̀, nítorí síǹkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kú. Ṣùgbọ́n bí síǹkì bá ti tán, ẹ ti rí àwọ̀ tí òrùlé àwọn ilé àtijọ́ n'Íbàdàn ń ní.

Kì í ṣe gbogbo ara bàálù ló ní ìbòrí yìí. Ọ̀pá onígun tàbí bárù tí wọ́n fi agbára tì gba ojú ihò kọjá kì í ní i. Àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ 2024 tó wà níhòòhò, àwọn mìíràn sì jẹ́ 6061-T6, tí magnesium àti silicon ni wọ́n fi mú un le dípò bàbà, tó sì ń fara da ìpáàrà ju 2024 oníhòòhò lọ dáadáa. Orúkọ mẹ́tàlì sábà máa ń wà lára páànù tàbí nínú ìwé tó bá a wá. Ẹni tí kò bá kà á kí ó tó gé e, tó wá ń bèèrè bóyá kí òun kùn ún, ìbéèrè rẹ̀ kò tíì pé.

Ẹjọ́ àwọn tó ní ká fi í sílẹ̀

Ẹjọ́ wọn kò burú. Cessna kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù láàárín ọdún 1950 sí 1980 láìkun inú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, púpọ̀ ṣì ń fò títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bàálù tirẹ̀ lé orí ìgbájá kí ó lè máa bà sórí omi ni ilé-iṣẹ́ náà ń kun inú rẹ̀ fún, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ibi tí bàálù máa gbé ló kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀dà wúwo. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo ojú páànù inú bàálù oníjòkòó méjì, tí a bá ka ojú méjèèjì egungun ìyẹ́ mọ́ ọn, jẹ́ 50 m². Ká ní práímà náà nípọn tó 20 micron lẹ́yìn tó gbẹ. Ìwọ̀n àyè tó gbà jẹ́ 50 × 0.00002, ìyẹn 0.001 m³, lítà kan géérégé. Bí lítà kan ọ̀dà gbígbẹ bá wọn 1.5 kg, bàálù ti fi nǹkan bíi kọ́ńgò ìrẹsì kan wúwo sí i. Ìyẹn kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, tó ń fín in títí páànù yóò fi dán bí mọ́tò tuntun, lè dé 60 micron láìmọ̀, ó ti di 4.5 kg nìyẹn. Bàálù kékeré kì í gbàgbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbéra ló máa gbé e.

Àkókò náà ńkọ́? Fífọ̀, híha, fífọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, gbígbẹ, fífín, yíyí padà, fífín ojú kejì, fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà. Iṣẹ́ náà ti sú ọ̀pọ̀ èèyàn débi pé bàálù wọn kò parí. Bàálù tó wà nílẹ̀ ní gáréèjì láìparí, tí inú rẹ̀ sì ń dán fún ọ̀dà, kò gbé ẹnikẹ́ni lọ sókè.

Ibì kan wà tí mi ò ti bá wọn lọ. Bí wọ́n bá nawọ́ sí Cessna ọdún 1958 tó ń fò, tí wọ́n ní ẹ wò ó, kò sí ọ̀dà nínú rẹ̀, èyí tó yè là ń rí. Èyí tí ìpáàrà jẹ tí wọ́n sì ti tà ní ìwọ̀n kílò fún àwọn tó ń yọ́ alumíníọ́mù kò sí níbi tí a ti lè nawọ́ sí i. Ẹni tó ń fi bàbá àgbà tó ń mu sìgá tó sì pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ṣe ẹ̀rí pé sìgá kò pani, irú àròjinlẹ̀ yẹn náà ni.

Ibi tí ìpáàrà ti ń bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe àárín páànù gbalaja tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló yẹ kó máa kó ìdààmú bá wa jù. Ibi tí páànù méjì ti lé ara wọn ni. Lẹ́yìn tí ríbẹ́ẹ̀tì bá ti fún wọn pọ̀, àlàfo tóóró kan á ṣì wà láàárín wọn, àlàfo náà á sì máa fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìrì òwúrọ̀ tó bá sé sínú bàálù tó, kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ sí i.

Omi inú àlàfo náà á lo ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀ tán, òmíràn kò sì rọrùn láti wọlé. Ìta ní ọ́síjìn, inú kò ní; inú á wá di anode. Alumíníọ́mù tó yọ́ sínú omi á bá omi náà ṣe àdàpọ̀, á sọ ọ́ di kíkan, pH á lọ sílẹ̀ kọjá 4. Chloride láti inú iyọ̀ ìta á wá wọ́ wọlé kí iná lè dọ́gba. Nínú omi kíkan oníyọ̀ yìí, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dáàbò bo alumíníọ́mù kò lè dúró. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ara rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó ń jáde tún gba àyè ju mẹ́tàlì tó jẹ lọ, yóò máa ti páànù méjèèjì kúrò lára ara wọn títí ojú páànù á fi wú láàárín ríbẹ́ẹ̀tì sí ríbẹ́ẹ̀tì bí ìrọ̀rí.

Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa bàálù Aloha Airlines 243. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1988, Boeing 737 tó gbéra láti Hilo lọ sí Honolulu ní Hawaii ṣàdédé pàdánù apá kan òrùlé rẹ̀ lófuurufú. Nínú èèyàn 95 tó wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ni afẹ́fẹ́ gbé lọ. Ó yani lẹ́nu pé bàálù náà balẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Ọdún 19 ni bàálù náà ti lò, ó ti fò nígbà 89,680, láàárín àwọn erékùṣù tí iyọ̀ òkun wà nínú afẹ́fẹ́ wọn. Gọ́ọ̀mù tó so páànù pọ̀ níbi tí wọ́n ti lé ara wọn ti ṣí, omi wọlé, ìpáàrà wọlé, gbogbo ẹrù náà wá bọ́ sórí ríbẹ́ẹ̀tì nìkan, páànù sì bẹ̀rẹ̀ sí sán láti ihò dé ihò. Bàálù kékeré tí a ń sọ yìí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀ bíi Boeing, kò lè kú irú ikú yẹn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: láàárín páànù méjì, níbi tí ojú kò tó.

Àwọn ibòmíràn wà. Ibi tí irin bá ti fara kan alumíníọ́mù láìsí nǹkan láàárín wọn, bátìrì mìíràn nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi cadmium bo bóòtù bàálù, tí wọ́n sì ń kun ẹ̀yà irin 4130 ní gbogbo ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń jiyàn nípa ìyẹn. Abẹ́ bátìrì, nítorí ásíìdì. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù tó ń fa omi mọ́ra. Eku náà wà níbẹ̀ o! Àwọn onílé bàálù ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dáadáa: eku á wọnú ìyẹ́ lọ tẹ́ ìtẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ á sì jẹ páànù ju bí òjò ọdún mẹ́wàá ṣe lè jẹ ẹ́ lọ.

Ọ̀dà tí kò dára ju àìsí ọ̀dà lọ burú

Àwọn tó ní ká kùn ún sábà máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọ̀dà jẹ́ ọ̀dà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Práímà fúnra rẹ̀ ní ihò kéékèèké. Omi ń gbà á kọjá díẹ̀díẹ̀. Ohun méjì ló ń mú un ṣiṣẹ́: bó ṣe lẹ̀ mọ́ mẹ́tàlì tó, àti èròjà tó wà nínú rẹ̀ tó ń bá ìpáàrà jà nígbà tí omi bá dé. Bí kò bá lẹ̀ dáadáa, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, á jókòó síbẹ̀ láìgbẹ, àlàfo tóóró tí mo ṣàlàyé lókè náà ni a tún fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí lórí gbogbo páànù.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ bóyá páànù mọ́ ni kí ẹ da omi tó mọ́ sí i. Bí omi náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìjá, ó mọ́. Bó bá ń ṣe róbótó bí omi orí ewé kókò, epo ṣì wà níbẹ̀, kódà kó jẹ́ ti ìka ọwọ́ yín. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ká rántí 25 micron. Kí ọ̀dà tó lẹ̀, wọ́n á ní kí a ha ojú páànù. Ẹni tó bá fi Scotch-Brite rọra ha á kò ṣe nǹkan kan tó burú. Ẹni tó bá mú sáńpépà líle, tàbí tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn kí iṣẹ́ lè yá, lè ha gbogbo ìbòrí Alclad náà kúrò ní ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì wá fi práímà onímáíkírọ́ọ̀nù 20 rọ́pò alumíníọ́mù onímáíkírọ́ọ̀nù 25 tó ń fi ara rẹ̀ tọrẹ. Ó sanwó láti pàdánù. Fọ́nrán irin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò sì jẹ́ èèwọ̀ pátápátá: ẹyọ irin tó bá há sínú alumíníọ́mù á di cathode kéékèèké síbẹ̀.

Nínú àwọn práímà, èyí tó ń wá nínú agolo tí a kàn ń tẹ̀ kó fín, tó ní ásíìdì tó ń jẹ ojú mẹ́tàlì díẹ̀ kó lè dì í mú, ló rọrùn jù, òun náà ló sì tín-ín-rín jù, tínà àti epo lè tú u. Epoxy oníhàámeji tí a ń pò pọ̀ ló le jù, ó sì wúwo jù. Alodine kì í ṣe ọ̀dà rárá. Ó ń yí ojú alumíníọ́mù fúnra rẹ̀ padà sí awọ tó ní chromium, ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń kà, ó sì dára lábẹ́ epoxy.

Chromium yìí ló mú ọ̀rọ̀ ìlera wá. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ máa ń rí nínú bàálù ogun àgbáyé kejì, zinc chromate ni; kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó ń bá ìpáàrà alumíníọ́mù jà tó o, ṣùgbọ́n chromium onípò 6 inú rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní Yúróòpù, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ẹnikẹ́ni kò lè lo chromium trioxide láìgba àṣẹ pàtàkì. Ẹni tó bá ń fín irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú gáréèjì tó so mọ́ ilé, tí àwọn ọmọ ń sùn lódì kejì ògiri, ti gbé ewu bàálù ọdún 2045 lé orí ẹ̀dọ̀fóró òní. Epoxy náà ní tirẹ̀: ohun tó ń mú un le lè sọ ara di ẹlẹ́hun sí i títí ayé. Aṣọ tí àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá títì ń dì mọ́ imú kò dá èéfín èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí dúró; ìbòjú tó ní àlẹ̀mọ́ fún èéfín kẹ́míkà ni.

Báwo la ó ṣe pinnu?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí bàálù máa gbé. Nítòsí Tucson ní Arizona, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù síta gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ. Bàálù Alclad tó máa gbé irú ibẹ̀, nínú háńgà, lè wà láìkùn títí olówó rẹ̀ yóò fi darúgbó. Ti etíkun Florida yàtọ̀ pátápátá. Tó bá jẹ́ tiwa ni, Kaduna nígbà ọyẹ́ sún mọ́ Arizona. Èkó, pẹ̀lú ọ̀sà níhìn-ín àti òkun lọ́hùn-ún, sún mọ́ Florida. Ṣùgbọ́n bàálù ń rìn, wọ́n sì ń tà á. Ẹni tó kàn án ní Arizona kò mọ ibi tí ẹni tó máa rà á ń gbé.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ín, ẹ̀yà èyíkéyìí tí kò bá ní ìbòrí Alclad, màá kùn ún, bó ti wù kí ibẹ̀ gbẹ tó. Ojú ibi tí páànù méjì ti máa lé ara wọn, màá kùn ún kí n tó kàn án, ojú méjèèjì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbogbo ibi tí omi lè dúró sí nísàlẹ̀ ara bàálù náà ńkọ́? Màá kùn ún, màá sì rí i pé ihò tí omi máa gbà jáde ṣí. Àárín páànù Alclad gbalaja nínú ìyẹ́, màá fi í sílẹ̀ tí bàálù bá máa gbé àárín ilẹ̀. Tó bá máa gbé etíkun, màá fi epoxy kun òun náà. Inú táǹkì epo ni ibi tí a kò gbọ́dọ̀ kùn rárá: gọ́ọ̀mù tó ń dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ mẹ́tàlì tó mọ́, kì í ṣe mọ́ ọ̀dà tó lè ṣí.

Ẹni tó ti kan tirẹ̀ pa láìkùn kò tíì pẹ́ jù. Àwọn epo kan wà, ACF-50 àti CorrosionX, tí wọ́n ń fín gba ojú ihò àyẹ̀wò wọlé. Wọ́n máa ń yọ́ wọ inú àlàfo tóóró, á sì lé omi jáde níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn wọn ju bí àwọn tó fẹ́ràn ọ̀dà ṣe fẹ́ràn wọn lọ, nítorí pé ibi tí ìpáàrà ń lọ gan-an ni wọ́n ń lọ. Wàhálà wọn ni pé a gbọ́dọ̀ máa tún un fín láàárín ọdún kan sí méjì, wọ́n á máa ṣẹ́ jáde lójú ríbẹ́ẹ̀tì tí eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fẹ́ kun ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á fojú winá kí ọ̀dà tó lè mú.

Èyí tó bá wù kí èèyàn ṣe, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé bàálù náà: ẹ̀yà wo ló kùn, irú práímà wo, ọjọ́ wo. Ẹni tó máa gbé díńgí àti tọ́ọ̀ṣì wọ inú ìyẹ́ náà nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún nílò rẹ̀ ju bí ó ṣe nílò fọ́tò bàálù náà lójú ọ̀run lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní láàbù, ẹ ṣe èyí. Ẹ gé alumíníọ́mù sí ọ̀nà mẹ́fà, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ láti ara páànù kan náà. Ẹ fọ̀ wọ́n títí omi yóò fi tẹ́ lórí wọn. Ẹ fi méjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ so méjì pọ̀ pẹ̀lú okùn ike kí wọ́n lé ara wọn, ẹ fi práímà kun méjì tó kù lójú tó máa pàdé, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ tó so àwọn náà pọ̀. Ẹ wọ̀n wọ́n. Ẹ máa rì wọ́n sínú omi oníyọ̀, 35 gíráàmù iyọ̀ nínú lítà kan, láràárọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé wọn síta kí wọ́n gbẹ lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ẹ tú wọn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníke fọ ìyẹ̀fun funfun kúrò, ẹ wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ sì fi awò asọhun-di-ńlá wo ojú tó wà nínú àti ojú tó wà lóde. Bẹ́ ẹ bá rí owó, ẹ fi méjì mìíràn kún un tí ẹ ti fi bóòtù irin lásán so pọ̀. Ẹ fi fọ́tò àwọn ojú inú náà ránṣẹ́ sí wa, a ó tẹ̀ wọ́n jáde.